Jíìpù Tí A Fi Okùn Fà Lọ Kí Ìyá Mi

Ìkíni ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Enugu. Nílé wa, ẹni tó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀, ẹni tó ń ti odò bọ̀ ní tirẹ̀. Ènìyàn kì í kọjá lára ẹnìkejì kó má rí nǹkan sọ. Mo gba yàrá kan ní àgbàlá kan ní Ogui New Layout, èmi àti àpótí mi àti ẹní tí mo ká. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá obìnrin kan nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Mo wá ohun tí mo lè fi dípò "ẹ kú iṣẹ́" nínú pijin tí mo gbọ́, mo sì wí pé:

"Mádáàmù, well done."

Kò gbójú sókè. "I never finish," ló fi dá mi lóhùn.

Mo dúró díẹ̀, bóyá ó kù tí yóò sọ. Kò kù. Òun kò tíì parí iṣẹ́, kò sì rí ìdí tí wọ́n fi ń kí òun kú iṣẹ́. Mo bá tèmi lọ.

Mama Ngozi ni wọ́n ń pè é, aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé kò bínú sí mi lọ́jọ́ náà. Mo gbà pé ó rò pé mo béèrè nǹkan ni, ó sì dá mi lóhùn bó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ mi wà ní ọ́fíìsì ẹrù ní téṣàn rélùwéè. Akọ̀wé ni mí. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá: ewúrẹ́, páànù, àga ìjọba, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa èédú, àní pósí pàápàá. Mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń wo bí wọ́n ṣe dè é, mo sì ń lẹ àmì mọ́ ọn tó ń sọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Ìyá mi máa ń sọ pé láti kékeré ni mo ti máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn tí mo ti tì. N kò fi ìwà yẹn sílẹ̀ nígbà tí mo dàgbà. Ohunkóhun kékeré tó bá ṣe pàtàkì sí mi, inú àkísà kákí ni mo máa ń dì í sí, kókó kan náà, ìdì kan náà, kí eruku èédú má baà wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ní bí a bá kó gbogbo ìdì mi jọ, wọ́n á dà bí ìbejì tí ìyá kan ṣoṣo bí láìsinmi.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń mọ̀ ọ́n lára jù pé mo jìnnà sílé. Lẹ́yìn ìsìn Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó kí ara wa tìlù-tìfọn, a ó béèrè ìdílé ara wa títí kan ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù á padà sí àgbàlá tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ oríkì rẹ̀. Àwọn ará àgbàlá tiwa kò ṣe mí níbi rí. Wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sín, kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé fún ẹni tó bá sín.

Rélùwéè ní wáyà tẹlifóònù tirẹ̀, láti téṣàn dé téṣàn. Làmídì, tí a jọ lọ ilé ìwé, ló wà nídìí wáyà ní Ọ̀fà, ìlú wa. Bí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, àwọn tó wà ní Káfáńṣán àti Kàdúná á so wáyà mọ́ wáyà fún wa, ohùn á sì kọjá. Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá mi ṣì le, Làmídì mú un wá sídìí tẹlifóònù.

"Ohùn rẹ dà bí ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga," ni ìyá mi wí. "Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Kí ló gbé ọ débẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Bí iṣẹ́ bá ti parí, kí o jáde níbẹ̀."

Mo ní ó dáa. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí a sọ.

Enugu ni ìyàwó mi ti wá bá mi, ibẹ̀ náà la sì bí Dúpẹ́ sí, ọmọ wa kan ṣoṣo. Kó tó máa sọ̀rọ̀ já gaara, ibà kan mú un. Ibà lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kò bọ̀ sípò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe irin kan fún un tó ti itan sọ̀ kalẹ̀ wọ inú bàtà. Ó ń fi rìn dáadáa nínú àgbàlá. Bí ọ̀nà bá gùn tàbí tó bá rí gbágun-gbàgun, a máa ń gbé e ni. Èmi tàbí ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé e. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ọ́fíìsì ẹrù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Òun àti àwọn ọmọ Mama Ngozi ń sọ Íbò, ó ń bá gbogbo ayé sọ pijin. Yorùbá tó ń bá wa sọ dà bí bàtà tí wọ́n rà fún ọdún Kérésìmesì, tí wọ́n kì í sábà wọ̀.

Ìyá mi kò rí i rí. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó ti kúrò ní Ọ̀fà lọ sí abà wa ní Ìdí-Òro. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ń dùn ún, kò lè jáde mọ́. Ọkọ̀ akérò kì í gba ọ̀nà abà náà, odò kan sì dá a láàárín. Ọdọọdún ni mo ń sọ pé bí ẹsẹ̀ Dúpẹ́ bá le sí i, a ó lọ kí i. Ọjọ́ kan ni Làmídì pè mí.

"Ìyá ní kí n sọ fún ọ pé ìkùukùu ti ń bo ojú òun. Ọ̀kan ti lọ, èkejì ń lọ. Ó ní kí o gbé ọmọ náà wá kí òun rí i. Ó ní kí n tún un sọ: kí òun rí i. Bó bá jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án ni, ìyẹn ò le, òun lè dúró."

Mo ní mo gbọ́.

Òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ń padà sí ìlú rẹ̀ nígbà náà, ó sì fẹ́ ta jíìpù rẹ̀. Jíìpù ọ̀hún ti gun gbogbo òkè tó wà lágbègbè wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà pọ̀, kò bẹ̀rù omi, kò bẹ̀rù ẹrẹ̀. Mo rà á. Chukwuma, tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ẹrù, kò gbà á gbọ́.

"Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí o tó sọdá títì?"

"Èmi ni."

"Ta ni yóò máa wà á?"

"Èmi ni."

"Chineke. Jẹ́ kí n lọ kìlọ̀ fún àwọn ewúrẹ́ Ogui."

Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n wà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní wà á láti Enugu dé Ọ̀fà pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀. Títì tó gba orí òkè jáde ń lọ́ bí ejò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì jẹ́ ọ̀gbun. Ní Onitsha, orí pákó ni mọ́tò ń gbà wọ inú ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e sọdá Odò Ọya, mo sì ti fojú ara mi rí bí pákó náà ṣe ń mì. Ọkọ̀ ojú irin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Kí jíìpù gun wágọ̀n, kí àwa náà gun ọkọ̀ èrò, kí a pàdé ní Ọ̀fà, kí n sì fi í gbé ọmọ mi láti ẹnu téṣàn dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án.

Ọjọ́ tí wọ́n di jíìpù náà sórí wágọ̀n pẹlẹbẹ, èmi ni akọ̀wé, èmi náà ni mo ni ẹrù. A fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ gbẹ, nítorí òfin ni. A fi igi há gbogbo táyà níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n fi wáyà dè é, mo ní kí wọ́n tún un dè. Mo yí i ká, mo fẹsẹ̀ ta igi, mo fọwọ́ fa wáyà.

"Ọ̀gá," ni Chukwuma wí, "jíìpù ni o, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n."

Mo ṣí ẹ́ńjìnnì, mo sì yọ rótọ̀. Ohun dúdú kékeré kan ni, tí kò tó ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan, tó ní irin pupa pẹlẹbẹ lórí. Òun ló ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí dírẹ́bà tó lè jí mọ́tò náà. Bí ó bá wu ẹnikẹ́ni láti fi jíìpù mi ṣeré ní téṣàn kan lójú ọ̀nà, kó wá ṣe é. Mo di rótọ̀ sínú àkísà kákí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwa fúnra wa máa lọ, mo ti ilẹ̀kùn yàrá wa, mo padà lọ wò ó, mo di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àkísà kákí, mo sì gbé e fún Mama Ngozi.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá wa nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u. Ẹ má sì gbé e fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ní èmi ni mo rán òun."

"Bó bá ní òun ni bàbá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi ti kú."

"Ó dáa. N óò sọ fún un."

Ìrìn àjò náà lọ déédéé, n kò ní nǹkan sọ nípa rẹ̀.

Ní Ọ̀fà, jíìpù ti dé ṣáájú wa. Kò sí ibi kankan tó họ lára rẹ̀. Inú mi dùn ju bó ṣe hàn lójú mi lọ. Àwọn ẹbí ti kún téṣàn. Àṣàbí àbúrò mi ló ṣáájú wọn, ìyàwó alágbẹ̀dẹ tó ní apá bí ọkùnrin, tí ohùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó na apá méjèèjì sí Dúpẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ jókòó sínú jíìpù, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ká apá rẹ̀ padà.

Wọ́n ti jíìpù sọ̀ kalẹ̀, a bu bẹntiróòlù sí i. Mo ṣí ẹ́ńjìnnì, mo yọ ìdì kákí lápò, mo tú u. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wa ló jáde.

Gbogbo wa wò ó.

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ ilé ni wọ́n fi ń ṣáná sí i?" ni ìyàwó mi béèrè.

"Rárá."

"Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Mẹkáníìkì kan gbé rótọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù wá, kò wọ̀ ọ́. Ó gbé òmíràn wá, ìyẹn tóbi jù. Mo lọ bá Làmídì, wọ́n so wáyà mọ́ wáyà títí a fi bá Chukwuma ní Enugu. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àgbàlá wa. Nígbà tí ó fi máa pè padà, ẹ̀rín ti dín.

"Ó ní olè ni mí. Mo ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, ara mọ́tò ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lolè máa ń sọ. Ó mú irin tó fi ń gé aṣọ dání."

"Sísọ́ọ̀sì, ṣé?"

"Sísọ́ọ̀sì. Èyí tó tóbi."

Mo ní kó bẹ̀ ẹ́ kó wá sí téṣàn, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dé. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí sínú tẹlifóònù.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Papa Dúpẹ́."

"Ẹnikẹ́ni lè jẹ́ Papa Dúpẹ́. Ohùn yìí dà bí ti adìyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn."

"Mama Ngozi, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Mo ṣì í mú ni."

"Ẹ gbọ́ ọ! Papa Dúpẹ́ kì í ṣi nǹkan mú. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn, ó ń padà wá wò ó. Gbogbo àgbàlá ló mọ̀."

Mo gbọ́ tí Chukwuma ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ tú u wò, ẹ óò rí i."

"Ó ní kí n má tú u."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Mo mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Ìwọ ni mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí Papa Dúpẹ́ kọ́kọ́ dé àgbàlá wa, ó kí mi. Kí ni mo fi dá a lóhùn?"

N kò mọ̀ pé ó rántí. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo kí òun.

"I never finish," ni mo wí.

Wáyà ń hó wùù láàárín wa.

"Ó yẹ kí o ti sọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Mama Ngozi wí. "Dúpẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Ó gbé ìdì náà fún gáàdì ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un kó má tú u. Gáàdì yìí gbé e fún gáàdì kejì pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún ara wọn bọ̀. Làmídì ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ròyìn ọba tó ń bọ̀ wá sí ìlú: ó ti kọjá Makurdi, ó ti dé Káfáńṣán. Ní Kàdúná, ó jókòó, nítorí ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e wá síhà ọ̀dọ̀ wa. Lífù mi, ìsinmi tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́, sì ń tán lọ.

Àwa náà jókòó. Wọ́n ti jíìpù dé iwájú ilé wa ní Ọ̀fà, àwọn àgbà ń wá kí i. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ fún ẹnìkejì pé mọ́tò náà dára, pé kò ní àléébù, àfi pé kì í rìn.

Ìyá mi ránṣẹ́ láti Ìdí-Òro. Obìnrin tó wá ta ẹ̀gẹ́ ló jẹ́ iṣẹ́ náà, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́: "Ó ní kí n béèrè bóyá òun lẹ wá kí ni àbí irin. Ó ní láti àná, òun ò dá orí àkùkọ mọ̀ yàtọ̀ sí ti àgbébọ̀ mọ́."

Àṣàbí dìde. "Bọ̀dá mi, ẹ gbé ọmọ náà fún mi, kí n pọ̀n ọ́n lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti dé."

"Ọ̀nà yẹn ò dára."

"Orí rẹ̀ ni mò ń ru iṣu gbà."

"Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo."

"Ó wúwo ju iṣu lọ?"

"Bí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀ nínú odò ńkọ́?"

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pariwo, ìyẹn ni gbogbo ilé fi gbọ́ ọ.

"Bọ̀dá mi, ọmọ tí ẹ kò jẹ́ kí á gbé yìí, ṣé tiwa ni?"

Mo ti ń rò ó ní Enugu fún ọdún púpọ̀ pé ibì kan wà tí mi ò ti jẹ́ àlejò, pé bí mo bá ti sọ̀ ní téṣàn Ọ̀fà, ohun gbogbo á bọ̀ sípò. Mo wá rí i pé mo gbé àjèjì náà bọ̀ wálé, pé ó wà lára mi bí ìdì kákí. Ọ̀dọ̀ Mama Ngozi, tí mi ò mọ orílẹ̀ rẹ̀, ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi sí. N kò lè gbé ọmọ mi fún àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi.

Àṣàbí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa. Bí ẹ kò bá ní sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin àti ọmọ yín. Àwa ó gbé mọ́tò."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kí n tó bọ́ bàtà kí n tún un wọ̀, okùn ti dé, èyí tí wọ́n fi ń di ìtí igi. Ọkọ rẹ̀ dé, àwọn arákùnrin ọkọ rẹ̀ dé, àwọn tó wá kí jíìpù náà ká agbádá lé èjìká. Wọ́n so okùn mọ́ irin iwájú rẹ̀. Èmi di sitiarín mú, ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréékì, Dúpẹ́ àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì fà wá jáde ní ìlú bí ẹni fa ẹja ńlá.

Ọ̀nà náà tẹ́jú ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rẹ̀, ẹlòmíràn á gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣàbí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. "Ọ̀gá dírẹ́bà, ẹ ṣọ́ra fún kòtò o! Bẹntiróòlù yín ti fẹ́ lọ mu omi!" Dúpẹ́ rí i pé fèrè mọ́tò ṣì ń dún, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbàkúùgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń fa okùn á hó. N kò tíì gbọ́ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí irin má baà gbá ara ilẹ̀kùn.

Odò ló dá wa dúró. Ibi tí a ó gbà sọ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibi tí a ó gbà gòkè sì rọ̀. Kò sí okùn tó lè fà á gòkè láìsí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn ju okùn sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo ń wo omi náà. Kò jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju orúnkún lọ. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí Dúpẹ́ fọwọ́ kan apá mi.

"Papa, make Auntie back me."

Àṣàbí kò gbọ́ pijin, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n pọ̀n òun. Ó ti yí ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ń dúró.

Mo gbé ọmọ mi, mo gbé e lé àbúrò mi lẹ́yìn. Ìyàwó mi ká ìró mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ onírin yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọwọ́ ìkòkò. Wọ́n wọ inú omi, èmi náà wọ ọ́ tẹ̀ lé wọn tèmi ti bàtà, mo na ọwọ́ méjèèjì.

"Bọ̀dá mi," ni Àṣàbí wí láìwẹ̀yìn, "ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lẹ́yìn mi, ẹ óò tì mí ṣubú."

Mo gbé e kúrò.

Ìyá mi jókòó níwájú ilé ní Ìdí-Òro, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń fi mọ̀ ọ́n. Dúpẹ́ ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ lẹ́nu àgbàlá. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, irin náà ń ró wọ́n-wọ́n lórí ilẹ̀ líle. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe lè kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ. "Ẹ kú iṣẹ́, Mama," ló wí, Yorùbá tó dá a lójú jù.

"Òo, Àńkẹ́ mi." Ìyá mi gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù lára ìró. Ó di ojú ọmọ náà mú, ó yí i sí ibi tí oòrùn wà, ó sì gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó wò ó pẹ́.

"Iwájú orí tèmi ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹnu yìí, ti àwọn bàbá rẹ ni. Etí yìí, n kò mọ ibi tó ti jí i gbé." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan irin ẹsẹ̀, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó. "Èyí náà, ṣé rélùwéè ló ṣe é?"

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ náà rẹ́rìn-ín, bí ò tilẹ̀ yé e.

Ó wá kọjú sí ibi tí mo wà. "Mo gbọ́ pé o gbé mọ́tò wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Mo tún gbọ́ pé àwọn ni wọ́n gbé mọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Iṣẹ́ tó gbé ọ wọ kànga yẹn, kò tíì parí?"

"Kò tíì parí, Ìyá."

Ó mi orí, ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń ṣẹ́ ẹ. Èkejì wà lórí Dúpẹ́.

Rótọ̀ dé nígbà tí lífù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdì náà kò tú. Mo wa jíìpù gba inú odò lọ sí Ìdí-Òro láìsí wàhálà kankan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pète rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi jókòó sínú rẹ̀, mo wà á yí ilé ká. Ó ní ó ń gbọ̀n. Kí iṣu tuntun ọdún kejì tó jáde, Làmídì pè mí pé ojú kejì náà ti lọ.

A tún gbé ní Enugu fún ọdún díẹ̀ sí i. Jíìpù náà kì í ti àgbàlá jáde púpọ̀. Nígbà tí mo bá tún sín, Mama Ngozi máa ń sọ nǹkan kan ní èdè wọn nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. N kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí, ó ti yé mi. Ẹni tó bá pẹ́ nílẹ̀ ibòmíràn kì í di ọmọ ibẹ̀. Àmọ́ àwọn kan á mọ ohùn rẹ̀ nínú wáyà, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré.

Lọ́dún tí ìlú dàrú, ọkọ̀ ojú irin ń kó àwọn ará ibẹ̀ bọ̀ wálé láti ọ̀nà jíjìn, àwa tí a kì í ṣe ará ibẹ̀ náà sì ń palẹ̀ mọ́. Kò sí wágọ̀n fún jíìpù ẹnikẹ́ni. Mo fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo yọ rótọ̀, mo dì í sínú àkísà kákí, mo gbé e fún Mama Ngozi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá wa, tí mi ò dì sínú nǹkan kan.

"Rótọ̀ ni ti inú ìdì lọ́tẹ̀ yìí," ni mo wí.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èmi ni mo rán òun, ẹ mọ ohun tí ẹ óò bi í."

Kò tú u. Ó fi í sínú àpótí kékeré tó wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tì í, ó sì fa aṣọ tó ń rán súnmọ́ra. Mo dúró níbẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ lédè kankan fún irú àkókò bẹ́ẹ̀.

"Mama Ngozi, well done."

Kò gbójú sókè. "I never finish."

N kò padà lọ wo ilẹ̀kùn.

Téṣàn kún fọ́fọ́. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kò ṣeé gbà. Chukwuma ti kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ láti bá wa di ààyè mú, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Dúpẹ́ ti dàgbà nígbà náà, ó ti ga tó èjìká mi. Mo gbé e sókè, mo sì fi í sílẹ̀ fún un. Èmi mú àpótí.

"Hẹ̀n, ó wúwo!" ni Chukwuma wí, ó fà á wọlé tọwọ́tẹsẹ̀ pẹ̀lú irin. "Akọ̀wé, ṣé o ti lẹ àmì mọ́ ọn?"

Mo ní kò nílò àmì. Ó mọ ẹni tó ń lọ bá.